Àmì Kékeré Abẹ́ Ẹ, Ọ àti Ṣ: Ìtàn Rẹ̀ àti Iṣẹ́ Tó Ń Ṣe

Àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ohun tí Ẹgbẹ́ Akọ̀ròyìn fẹ́ kọ́ yín nípa rẹ̀ lórí ògiri wa lọ́sẹ̀ yìí kéré ju abẹ́rẹ́ lọ. Òun ni àmì tó máa ń wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Àwọn olùkọ́ wa ń pè é ní àmì ìsàlẹ̀, àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é ní dọ́ọ̀tì. Orúkọ yòówù tí a bá pè é, iṣẹ́ tó ń ṣe ju bó ṣe tóbi lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti àdúgbò wa. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin ni púpọ̀ nínú wa ti ń wá sí ilé-ẹ̀kọ́: Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Ara. Ẹ tún orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò dáadáa. Mẹ́ta nínú wọn ló ní àmì ìsàlẹ̀. Lágelú nìkan ni kò ní. Orúkọ ìpínlẹ̀ wa, Ọ̀yọ́, ní méjì. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn pátákó tó wà létí títì: EGBEDA, ONA ARA, AKINYELE, OYO STATE. Kò sí dọ́ọ̀tì kan ṣoṣo lórí wọn. Àwa kà wọ́n bó ṣe yẹ nítorí pé a ti mọ ibẹ̀ kí á tó mọ ìwé kà. Àlejò tí kò dé ibẹ̀ rí ńkọ́? Báwo ló ṣe máa mọ̀ pé "ọ̀nà" ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ Ọ̀nà-Ara?

KÍ NI ÀMÌ YÌÍ Ń ṢE GAN-AN?

Àwọn lẹ́tà tí à ń lò láti kọ Yorùbá, ọ̀dọ̀ àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́ ló ti wá. Fáwẹ̀lì márùn-ún péré ló wà nínú rẹ̀: a, e, i, o, u. Yorùbá sì ní fáwẹ̀lì àìránmúpè méje: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Méjì ló ṣẹ́ kù tí kò ní lẹ́tà. Àmì ìsàlẹ̀ ló bá wa yanjú rẹ̀.

Ẹ dán an wò báyìí, kí ẹnikẹ́ni má tijú. Ẹ pe "e", bíi ti "ewé". Ẹ wá pe "ẹ", bíi ti "ẹja". Ṣé ẹ rí i pé ẹnu yín là sí i, ahọ́n yín sì lọ sílẹ̀? Ẹ tún pe "o", bíi ti "oko". Ẹ wá pe "ọ", bíi ti "ọmọ". Bákan náà ló rí: ẹnu tún là sí i. Ohun tí àmì ìsàlẹ̀ ń sọ fún òǹkàwé lábẹ́ e àti o kò ju èyí lọ: "La ẹnu rẹ sí i."

Ti ṣ yàtọ̀ díẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kí ẹnu là. Ibi tí ahọ́n dúró sí ló yí padà: nígbà tí a bá ń pe "s", iwájú ahọ́n sún mọ́ ẹ̀yìn eyín òkè, nígbà tí a bá ń pe "ṣ", ahọ́n fà sẹ́yìn díẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ń fi lẹ́tà méjì, s àti h, kọ ìró kan yìí. Yorùbá ń fi lẹ́tà kan àti àmì kan kọ ọ́. Ìdí nìyí tí àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ fi ń kọ Oshogbo, Ilesha àti Ogbomosho, tí àwa sì ń kọ Òṣogbo, Iléṣà àti Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ má ṣe jẹ́ ká ṣi àmì ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ àmì ohùn o. Àmì ohùn ni èyí tó ń wà lórí fáwẹ̀lì: dò, re, mí. Ó ń sọ bí ohùn ṣe ń lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Àmì ìsàlẹ̀ kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ohùn. Ara lẹ́tà gan-an ni. E àti ẹ kì í ṣe lẹ́tà kan náà tí ọ̀kan wọ bàtà, lẹ́tà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹ ka álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá: lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀, ẹ, ọ àti ṣ sì ní ipò tiwọn láàárín wọn. Nínú ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá, ẹ máa rí i pé àwọn ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ ní abala tiwọn, lẹ́yìn ti e.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí padà:

owó (èyí tí à ń ná), òwò (káràkátà), ọwọ́ (ẹ̀yà ara), ọ̀wọ̀ (ìbọ̀wọ̀fágbà), ọwọ̀ (èyí tí a fi ń gbálẹ̀)
oko (ibi tí a ti ń ṣe àgbẹ̀), ọkọ́ (èyí tí a fi ń kọ ebè), ọkọ̀ (èyí tí à ń wọ̀), ọkọ (olórí ilé)
Èkó (ìlú), ẹ̀kọ (èyí tí à ń jẹ), ẹ̀kọ́ (èyí tí à ń kọ́)
eyín (inú ẹnu), ẹyin (ti adìẹ), ẹ̀yìn (òdìkejì iwájú)
eré (èyí tí à ń ṣe ní àkókò ìsinmi), èrè (ohun tí oníṣòwò ń jẹ), ẹrẹ̀ (ohun tó ń kún ọ̀nà oko lásìkò òjò)
èpè (ohun tí a kì í fẹ́ kí wọ́n ṣẹ́ fún wa), Ẹ̀pẹ́ (ìlú kan ní Ìpínlẹ̀ Èkó)
sá (kí ènìyàn sáré kúrò), ṣá (kí àwọ̀ aṣọ lọ)
sè (lórí iná), ṣe (kí a ṣiṣẹ́), ṣẹ̀ (kí a ṣe ohun tó dun ẹlòmíì)
ọ̀sẹ̀ (ọjọ́ méje), ọṣẹ (èyí tí a fi ń fọ aṣọ)

Ọ̀kan ṣì kù tó yẹ kí gbogbo wa fi sọ́kàn. Tí a bá ń kí àgbà, "ẹ" ni a máa ń lò: ẹ káàárọ̀, ẹ kúulé, ẹ jọ̀ọ́. Lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn ló gbé ọ̀wọ̀ náà dání. Ọmọ tó kúnlẹ̀ tàbí tó dọ̀bálẹ̀ kí bàbá rẹ̀, tó wá kọ "E kaaro" ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, ó ti fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú ìkíni náà.

TA LÓ FI ÀMÌ YÌÍ SÍBẸ̀?

Kí àwọn míṣọ́nnárì tó fi lẹ́tà Róòmù kọ Yorùbá, àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa ti ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ ọ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní Àjàmí nìyẹn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó ń lọ sí ilé kéwú mọ̀ pé lẹ́tà Lárúbáwá náà kò lè ṣe láìsí dọ́ọ̀tì. Lẹ́tà tó dúró fún "b" ní dọ́ọ̀tì kan nísàlẹ̀. Ti "t" ní méjì lókè, bẹ́ẹ̀ ara lẹ́tà méjèèjì kò yàtọ̀. Èyí tó tún dùn mọ́ni jù ni pé síìn àti ṣíìn, ìyẹn "s" àti "ṣ", dọ́ọ̀tì mẹ́ta ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n kan náà ni!

Ti lẹ́tà Róòmù, a ò lè sọ ìtàn rẹ̀ ká má dárúkọ Àjàyí Crowther. Ọmọ Òṣogùn ni, ní apá Ìsẹ́yìn, nínú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa yìí. Ọmọdé ni nígbà tí ogun kó ìlú rẹ̀ ní 1821, wọ́n sì tà á lẹ́rú. Ní 1822, ọkọ̀ ojú omi ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrú lọ sí òkè òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown ní Sàró. Ibẹ̀ ló ti kàwé. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1827.

Freetown nígbà yẹn kún fún àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ bíi tirẹ̀: ará Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ka èdè oríṣiríṣi ni wọ́n ń sọ. Àwọn míṣọ́nnárì tó ń gbìyànjú láti kọ èdè wọn sílẹ̀ ní ìṣòro kan náà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan: ìró pọ̀ ju lẹ́tà lọ. Ẹnì kan á kọ ìró kan báyìí, ẹlòmíì á kọ ọ́ lọ́nà mìíràn, ẹni tó fẹ́ kà á kò sì ní mọ èwo ni kó mú.

Ní 1843, wọ́n fi Crowther jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún kan náà ni ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Ní 1852, ó tún ìwé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe, ó sì mú un tóbi sí i. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS tó ń ṣiṣẹ́ fún ń wá ọ̀nà kan tí wọ́n á máa gbà kọ gbogbo èdè tí wọn ò tíì kọ sílẹ̀ rí. Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ náà ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ṣíwájú níbẹ̀. Wọ́n wá ké sí ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Karl Richard Lepsius. Ìmọ̀ nípa Íjíbítì ayé àtijọ́ ni ayé fi mọ Lepsius jù, ṣùgbọ́n ní 1855 ó gbé ìwé kan jáde lórí bí a ṣe lè fi lẹ́tà Róòmù kọ èdè èyíkéyìí láyé. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí ìró kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà tirẹ̀. Níbi tí lẹ́tà kò bá ti tó, kí a má ṣe sáré lọ wá lẹ́tà àjèjì. Kí a mú èyí tó wà nílẹ̀, kí a fi àmì sí i lókè tàbí nísàlẹ̀.

Ìlànà yìí ni Yorùbá bá lọ. Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ mú e, o àti s, wọ́n fi àmì sí wọn nísàlẹ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ ìsàlẹ̀? Ẹ wò ó: Yorùbá nílò òkè fún àmì ohùn. Tí àmì méjèèjì bá wà lókè, wọn á máa jà fún ààyè. Nígbà tí ọ̀kan wà lókè tí èkejì sì wà nísàlẹ̀, fáwẹ̀lì kan ṣoṣo lè gbé méjèèjì láìsí wàhálà: ẹ́, ẹ̀, ọ́, ọ̀.

Ní 1875, wọ́n ṣe ìpàdé kan ní Èkó lórí bó ṣe yẹ kí a máa kọ Yorùbá. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí níbẹ̀ ni àwọn ìwé ìjọ àti ìwé ilé-ẹ̀kọ́ tẹ̀ lé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Crowther fúnra rẹ̀, tó ti di bíṣọ́ọ̀bù láti 1864, kú ní 31 Oṣù Kejìlá, 1891. Àmì náà kò bá a lọ.

Lẹ́yìn òmìnira, ilé-ẹ̀kọ́ pọ̀ sí i, àwọn ọ̀mọ̀wé tiwa náà sì tún ọ̀rọ̀ àkọtọ́ gbé yẹ̀ wò. Ní 1965, Ayọ̀ Bámgbóṣé ti Yunifásítì Ìbàdàn, nítòsí wa níbí, kọ ìwé lórí àkọtọ́ Yorùbá. Ní 1966, ìgbìmọ̀ kan jábọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní 1974, ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́ títí dòní. Wọ́n yí ohun púpọ̀ padà: "aiye" di "ayé", "enia" di "ènìyàn", "yio" di "yóò". Ṣùgbọ́n àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, wọn ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n rí i pé kò sí ohun tó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

DỌ́Ọ̀TÌ NI ÀBÍ ÌLÀ?

Tí ẹ bá ṣí ìwé Yorùbá àtijọ́ tó wà nílé, bóyá ti bàbá àgbà yín, ẹ lè rí i pé kì í ṣe dọ́ọ̀tì ló wà níbẹ̀. Ìlà kúkúrú kan tó dúró ṣánṣán ni, báyìí: e̩, o̩, s̩. Àṣìṣe kọ́. Nígbà tí ènìyàn bá fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀, ìlà náà lè gba orí dọ́ọ̀tì kọjá kó sì bò ó. Ìlà kúkúrú tó dúró máa ń yọ jáde nísàlẹ̀, a ó sì rí i. Lóde òní dọ́ọ̀tì ló wọ́pọ̀ jù nínú ìwé títẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn olùkọ́ wa ṣì ń fa ìlà kúkúrú náà lójú pátákó. Ìkan náà ni méjèèjì. Ẹ mú èyí tó bá yá yín lọ́wọ́, kí ẹ sì máa lò ó bẹ́ẹ̀ títí dé òpin ìwé yín.

ÀWỌN ALÁDÙÚGBÒ WA ŃKỌ́?

Àwa nìkan kọ́ là ń lo àmì yìí. Àwọn Ìgbò ń fi sábẹ́ ị, ọ àti ụ. Àkọtọ́ tí ìgbìmọ̀ Ọnwụ ṣe ní 1961 ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún wọn. Àwọn ará Ẹdó náà ní ẹ àti ọ. Hausa gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n fi ìkọ́ sára lẹ́tà, bíi ɓ, ɗ àti ƙ.

Ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn ọmọ Yorùbá wà níbẹ̀, ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti àwọn ìlú mìíràn. Èdè kan náà ni a jọ ń sọ, ṣùgbọ́n àkọtọ́ wọn yàtọ̀. Láti 1975 tí ìjọba ibẹ̀ ti ṣe álífábẹ́ẹ̀tì kan fún gbogbo èdè orílẹ̀-èdè wọn, ɛ ni wọ́n ń lò fún ẹ, ɔ fún ọ, àti sh fún ṣ. Nítorí náà, "ọmọ" tiwa ni "ɔmɔ" tiwọn. Tí ẹ bá rí i níbì kan, ẹ má bẹ̀rù, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n.

Lọ́nà jíjìn réré, ní Vietnam ní ilẹ̀ Éṣíà, wọ́n ń kọ ẹ àti ọ bíi tiwa gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwọn, ohùn ni dọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ń tọ́ka sí, kì í ṣe bí ẹnu ṣe là. Aṣọ kan náà, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

KÍ LÓ DÉ TÓ FI Ń SỌNÙ?

Ohun mẹ́ta la rí.

Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onítáípù fún. Kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ Yorùbá á yọ ìwé náà jáde, á wá mú bírò, á máa fi dọ́ọ̀tì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí iṣẹ́ bá ti pọ̀, ẹ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀: á fi í sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà àti fóònù jogún ìwà yìí. Lónìí lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, ìlànà tí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé jọ ń lò: ẹ ni 1EB9, ọ ni 1ECD, ṣ ni 1E63. Àyè ti wà fún wọn. Ó kù sí ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́.

Èkejì ni ẹnu wa níbí. Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Gbogbo Yorùbá ló máa ń fi ọmọ Ìbàdàn dápàárá nítorí "s" àti "ṣ". Púpọ̀ nínú àwọn ará ilé wa ló ń pe "s" níbi tí àwọn mìíràn ti ń pe "ṣ". Ẹ̀ka èdè wa nìyẹn, kì í ṣe àbùkù, kò sì sẹ́ni tó ní kí ẹ yí ohùn yín padà nílé. Ṣùgbọ́n àkọtọ́ jẹ́ ti gbogbo Yorùbá. Ọmọ Ìbàdàn tó ń kọ "iṣu", "iṣẹ́" àti "aṣọ" kò lè gbẹ́kẹ̀ lé etí nìkan. Ó ní láti mọ̀ ọ́n sórí pé dọ́ọ̀tì wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìkánjú. "Wọ́n á ṣáà mọ ohun tí mò ń sọ." Gbólóhùn yìí ló pa dọ́ọ̀tì jù. Lóòótọ́, nígbà mìíràn wọ́n á mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká wo ìgbà tí wọn ò ní mọ̀ ọ́n.

OHUN TÓ LÈ TI IBẸ̀ YỌ

Ní abúlé wa, ẹ̀yin náà ń rí i bí àwọn ènìyàn ṣe ń wá ra ilẹ̀ oko láti fi kọ́lé. Tí ẹbí bá tà, wọ́n á kọ ìwé. Lọ́pọ̀ ìgbà, kó tó di pé ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ lọ́yà, ìwé kékeré kan máa ń wà tí wọ́n fi ọwọ́ kọ. Ta sì ni wọ́n máa ń pè pé kó wá kọ ọ́? Ọmọ tó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ni. Ìwọ àti èmi.

Ká ní bàbá kan ní ilé àtijọ́ kan ní oko, ilẹ̀ gbalasa sì tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀ ẹ̀yìn yẹn nìkan ló tà. Ọmọ rẹ̀ wá kọ ọ́ báyìí pé: "Mo ta ile mi to wa ni oko." Kí ló tà? Ilé ni àbí ilẹ̀? Nígbà tí bàbá wà láyé, kò sí ìjà, nítorí ẹni tó tà á àti ẹni tó rà á mọ ohun tí wọ́n jọ sọ. Tí bàbá bá lọ, tí ọdún ogún kọjá, tí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ bá gbé ìwé náà jáde, ẹnì kan á kà á sí ilé, ẹlòmíì á kà á sí ilẹ̀. Ìwé tó yẹ kó parí ìjà ló máa wá dá a sílẹ̀. Dọ́ọ̀tì kan ṣoṣo àti àmì ohùn kan ni ìbá ti gbà wọ́n.

Ẹ tún wo ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí aláàbọ̀: "Je ki o mu owo re kuro." Ṣé owó ni kó mú kúrò ni, àbí ọwọ́? Tàbí kí ìyá kọ ọ́ sí ọmọ rẹ̀ pé, "Ba mi ra ose wa," kí ọmọ tí kò mọ̀ ju "s" lọ máa rò ó bóyá ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ ni. Èyí á pa wá lẹ́rìn-ín, ti ilẹ̀ kò pani lẹ́rìn-ín.

Orúkọ wa náà wà níbẹ̀. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá pe orúkọ wa ní ibi ìpéjọ, tí ẹni tó ń kà á kò jẹ́ Yorùbá tàbí kò mọ̀ wá rí, lẹ́tà tó wà níwájú rẹ̀ nìkan ló máa tẹ̀ lé. Ẹni tó ń jẹ́ Ọdẹ́yẹmí, orúkọ ìdílé ọdẹ ló ń jẹ́. Ẹ yọ dọ́ọ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò, ẹ wo ohun tó ṣẹ́ kù: Odeyemi. Ọdẹ ti sá wọgbó.

BÍ A ṢE Ń KỌ Ọ́

Fún àwọn JSS 1 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àti fún àwa tó kù láti fi rán ara wa létí:

1. Kọ lẹ́tà, fi àmì ìsàlẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó tó kan àmì ohùn. Má sọ pé ó di ìgbà tí o bá parí ojú ìwé. Tí o bá dé ìparí, wàá fo àwọn kan.

2. Jẹ́ kí dọ́ọ̀tì wà ní àárín gbùngbùn lábẹ́ lẹ́tà. Tí o bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́, á dà bí àmì ìdánudúró.

3. Lẹ́tà ńlá náà ń gbà á: Ẹ, Ọ, Ṣ. Ẹ̀yin tó ń kọ pátákó fún ìdíje eré ìdárayá, ẹ̀yin la ń bá wí.

4. Má fi dọ́ọ̀tì sí ibi tí kò sí. "Olówó" kò ní kankan. "Òṣogbo" ní ọ̀kan péré, lábẹ́ ṣ. Ìfẹ́ dọ́ọ̀tì kò gbọ́dọ̀ sọ gbogbo o di ọ.

5. Lórí fóònù, wọ inú ètò kíbọ́ọ̀dù rẹ, fi Yorùbá kún àwọn èdè tó wà níbẹ̀. Lórí Gboard, tí o bá ti mú kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, wàá rí ẹ, ọ àti ṣ. Ọ̀fẹ́ ni.

ẸGBẸ́ AKỌ̀RÒYÌN DÁBÀÁ

Ní 21 Oṣù Kejì ọdọọdún, gbogbo ayé ń ṣe Ọjọ́ Èdè Abínibí. Àjọ UNESCO ló fọwọ́ sí i ní 1999. Wọ́n mú ọjọ́ yẹn láti fi rántí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n pa ní Dhaka, ní 21 Oṣù Kejì, 1952, nítorí pé wọ́n ní kí ìjọba gba èdè Bengali tí wọ́n ń sọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára èdè orílẹ̀-èdè. Àwọn kan fi ẹ̀mí wọn lélẹ̀ kí wọ́n lè máa lo èdè wọn. Dọ́ọ̀tì là ń bẹ ẹ̀yin fún.

Nítorí náà, a bẹ ọ̀gá àgbà wa àti àwọn olùkọ́ wa kí 21 Oṣù Kejì tó ń bọ̀ jẹ́ Ọjọ́ Àmì Ìsàlẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa. Lọ́jọ́ náà, kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan mú ìwé orúkọ rẹ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ara rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì tó tọ́ sí i. Ẹni tí kò bá dá a lójú, kó béèrè lọ́wọ́ òbí rẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà. Kí kíláàsì SS 2 kọ pátákó mẹ́rin tó ní orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n gbé e kọ́ sí ẹnu géètì: Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá, Ọ̀nà-Ara. Kò ní ná wa ju káádì bọ́ọ̀dù àti máákà lọ.

ÌDÁNRAWÒ

Ẹ fi àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn sí àwọn gbólóhùn yìí. Ẹ má tíì wo ìdáhùn o!

(a) Oko mi wo oko lo si oko pelu oko.
(b) Mo je eko ki n to lo ko eko ni Eko.
(d) Onisowo naa fi owo gba owo.
(e) Eyin n dun mi, mi o le je eyin.
(ẹ) Lose to koja ni mo ra ose.
(f) Ole naa sa, aso re si ti sa.

Ìdáhùn:

(a) Ọkọ mi wọ ọkọ̀ lọ sí oko pẹ̀lú ọkọ́.
(b) Mo jẹ ẹ̀kọ kí n tó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ní Èkó.
(d) Oníṣòwò náà fi ọwọ́ gba owó.
(e) Eyín ń dùn mí, mi ò lè jẹ ẹyin.
(ẹ) Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo ra ọṣẹ.
(f) Olè náà sá, aṣọ rẹ̀ sì ti ṣá.

Ẹni tó bá kọ "Ọ̀lẹ náà sá" ní (f) kò jẹ̀bi. Gbólóhùn tí kò ní àmì lè jẹ́ olè, ó sì lè jẹ́ ọ̀lẹ. Bí wọ́n bá pe ẹnì kan ní ọ̀lẹ, inú lè bí i. Bí wọ́n bá pè é ní olè, ọ̀rọ̀ lè dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹni tó kọ ọ́ láìsí àmì ló máa lọ ṣàlàyé èyí tó ní lọ́kàn.